Òṣùwọ̀n Ìyá Oníṣó

Bí ẹ bá dé Mamobi ní Àkírà tí ẹ béèrè Sàúdátù Àgbékẹ́, ẹ óò rìn títí ẹsẹ̀ yín óò fi wú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Oníṣó lẹ̀ ń wá, ọmọdé tó ń ti ilé kéú bọ̀ pàápàá yóò fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìṣó ló ń tà: ìṣó gígùn tí wọ́n fi ń kan òrùlé, ìṣó wẹ́wẹ́ tàwọn tó ń ṣe àga, àti àgádágodo oríṣiríṣi. Òórùn irin ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ óò fi mọ́. Ó sanra díẹ̀, ó pupa, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tó lè bá a du ọ̀rọ̀ ní gbogbo àdúgbò yẹn kó borí.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún ọjà náà, ó sì jogún òṣùwọ̀n mọ́ ọn. Idẹ ni òṣùwọ̀n yìí, ojú rẹ̀ rí roboto bí ojú agogo ara ògiri, abẹ́rẹ́ kan ń yí nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n mẹ́ta sì so àwo irin fífẹ̀ kan rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Pọ́n-ùn ni gbogbo nọ́ńbà ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà láyé ọjọ́ sí, tí àwọn Yorùbá ń fi ilé fi ọjà sílẹ̀, bàbá Àgbékẹ́ kó ẹbí rẹ̀ padà sí Ìníṣà, ṣùgbọ́n ó gbé òṣùwọ̀n náà fún onílé wọn, obìnrin ẹ̀yà Gà kan. Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi." Obìnrin náà gbé e sábẹ́ ibùsùn, ó da aṣọ bò ó. Nígbà tí Àgbékẹ́ fẹ́ ọkọ tí wọ́n jọ padà wá sí Àkírà, ibẹ̀ gan-an ló bá a, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò yẹ̀ rárá. Ẹ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ jù nù, kí ẹ wá wo ohun tí ojú yín óò rí.

Kì í ṣe ìṣó nìkan ló ń wọ̀n. Bí obìnrin kan bá bímọ ládùúgbò, tí ọmọ náà pé ogójì ọjọ́, ọ̀dọ̀ Ìyá Oníṣó ni wọ́n ń gbé e lọ. Yóò da ìṣó kúrò nínú àwo, yóò nù ún mọ́ tónítóní, yóò tẹ́ aṣọ pélébé kan sínú rẹ̀, yóò wá gbé ọmọ lé e. Gbogbo ènìyàn óò dákẹ́. Abẹ́rẹ́ náà óò gbọ̀n, yóò dúró, Àgbékẹ́ óò sì pariwo nọ́ńbà tó bá rí. "Pọ́n-ùn mẹ́wàá! Ọmú yìí ń ṣiṣẹ́ o!" Wọn óò bú sẹ́rìn-ín. Bí ó ti ń wọ̀n ọmọ Haúsá ló ń wọ̀n ọmọ Gà, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo ọmọ tí àwo yẹn ti gbé rí, Suhaib ni ààyò. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Abdulhameed, ọmọ kan ṣoṣo tí Àgbékẹ́ bí, ló bí i, kó tó di pé ó gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lórí fóònù. Bushrah, ìyàwó rẹ̀, ń ta ọjà ní Tema, ìlú èbúté lẹ́bàá Àkírà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì ń sùn síbẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà ni ọmọ wà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, olójú ńlá, aláriwo. Bó bá jí láàárọ̀, kò ní béèrè oúnjẹ, abẹ́ òṣùwọ̀n ni yóò lọ dúró sí, yóò na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Màmá, ẹ wọ̀n mí." Àgbékẹ́ óò sì gbé ọkọ rẹ̀ kékeré sínú àwo, yóò fì í lẹ́ẹ̀kan, ọmọ óò rẹ́rìn-ín títí omi óò fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́dún tí à ń wí yìí, tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi kúlórókúìn wo ibà, ìròyìn kàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá yẹ òṣùwọ̀n ọjà wò. Wọ́n ní kílò lòfin sọ, pé òfin yẹn ti wà láti ayé àwọn sójà, ìwà àfojúdi làwọn ọlọ́jà ń hù. Sàká, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta irin, pe ìpàdé sí àgbàlá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Sàká, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìṣó ní Tema, kílò ni wọ́n fi ń kó o fún wa," ló ní. "Àwa là ń jókòó, tí à ń yí i padà sí pọ́n-ùn. Ìdajì ọjà yìí ń fi kílò wọ̀n, ìdajì ń fi pọ́n-ùn wọ̀n, oníbàárà ò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan."

Àgbékẹ́ ò jẹ́ kó jókòó tán kó tó dìde. "Sàká, àwọn ọmọ ẹ, kílò mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n pé ogójì ọjọ́?"

Sàká fi ọwọ́ họ orí.

"O ò mọ̀. Èmi mọ̀, èmi ni mo wọ̀n wọ́n. Àkọ́bí ẹ, pọ́n-ùn mọ́kànlá ni, ó sì tọ̀ sí mi lára!" Àgbàlá gba ẹ̀rín. "Káfíńtà tó bá ní kí n fún òun ní pọ́n-ùn kan ìṣó, ó ti mọ ohun tí yóò kún ọwọ́ òun. Kí ni kílò mọ̀ nípa ọwọ́ wa? Wọ́n lé bàbá mi nílùú yìí, òṣùwọ̀n yìí ò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, kó kọ́kọ́ gbé èmi náà sínú àwo ẹ̀!"

Háà, wọ́n pàtẹ́wọ́! Àwọn ìyá pariwo, àwọn ọkùnrin na ìka sókè, Sàká alára rẹ́rìn-ín, ó ní ìpàdé parí. Bushrah nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Kó tó di ìgbà yẹn, òun ló ra òṣùwọ̀n kílò tuntun wá láti Tema fún ìyá ọkọ rẹ̀. Àgbékẹ́ dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un, ó sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò tilẹ̀ yọ ọ̀rá ara rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń padà sílé, Bushrah sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Màmá, ní Tema kò sẹ́ni tó gbọ́ pọ́n-ùn mọ́. Ọsibítù pàápàá ò gbọ́ ọ. Ọjọ́ kan á wà tí..."

"Ọjọ́ kan á wà tí kí ni?"

Bushrah gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ìyàwó ilé ni, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ wí? Ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ibà mú Suhaib. Bushrah ti wọ ọkọ̀ akérò tròtró lọ sí Tema ní ìdájí. Ọmọ ò mu kókó, ìyẹn ògì wọn ní Gánà, ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí Àgbékẹ́ ṣe, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Ó da ìṣó nù, ó tẹ́ aṣọ, ó gbé ọmọ sínú àwo, kó lè mọ̀ bóyá ibà ti jẹ ẹ́ lára. Abẹ́rẹ́ dúró sórí méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò rù. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó gbé ọmọ náà fún Àmínà, aládùúgbò rẹ̀ ọmọ Haúsá tó ń ta kókó, ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ ra oògùn.

Ọkùnrin kan ló ń ta oògùn ní ìkóríta, Dókítà ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjọ́ tó ṣe dókítà rí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n ní kí wọ́n yé fi ọjọ́ orí díwọ̀n oògùn ọmọdé, kí wọ́n máa béèrè bí ọmọ ti wúwo tó, nítorí ọmọ mìíràn á dàgbà, kò ní sanra. Èrò kún iwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Màmá Alata," ló pè é, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀, "ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Ọmọ ọmọ mi. Ibà ni."

"Báwo ló ti wúwo tó?"

Ìbéèrè tó dùn mọ́ Àgbékẹ́ nínú jù láyé nìyẹn. Ó yọ àyà síta. "Méjìdínlọ́gbọ̀n gééré. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n, kò tíì pẹ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ ńlá ni."

"Ọmọ ńlá ni o! Ta ló bí bàbá rẹ̀?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà gbé ìgò kúlórókúìn olómi sílẹ̀, ó sọ iye ṣíbí tí yóò fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó yíjú sí ẹlòmíràn. Iye ṣíbí yẹn pọ̀ lójú Àgbékẹ́. Ó tilẹ̀ dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni òun tí yóò bá onímọ̀ oògùn jiyàn? Ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Oògùn yẹn korò bí nǹkan míì. Suhaib pa eyín pọ̀, ó ta ẹsẹ̀, ó ké. Àgbékẹ́ gbé e lé itan, ó di imú rẹ̀, ó ń dà á sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, Àmínà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó fi ṣúgà tù ú. "Gbé e mì, ọkọ mi. Ó kù díẹ̀. Ọkùnrin ni ẹ́." Ọmọ gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ̀kán kan ò dànù. Àgbékẹ́ yin ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́yìn tábìlì, ó padà sídìí ọjà.

Oòrùn ti dé àtàrí, ó ń wọ̀n ìṣó fún oníbàárà kan lọ́wọ́, nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀ ti ṣú."

Ó rẹ́rìn-ín, kò yíjú. "Ilẹ̀ wo ló ṣú?"

"Màmá, ẹ tan iná."

Ó wá yíjú. Ọmọ náà jókòó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rekete, kò sì wo ibì kankan. Oòrùn ń ràn bọ̀ ọ́ lójú, kò ṣẹ́jú. Àgbékẹ́ ju ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀, ọmọ ò mọ̀. Ìṣó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́n ká ilẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Suhaib ti bì, ó ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Yéè! Àmínà! Àmínà, ẹ gbà mí o! Ọmọ Abdulhameed ń kú lọ!"

Ó gbé e sáré. Ìbòrí rẹ̀ bọ́, kò mọ̀. Ó tẹ ìṣó, ó gún un lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Àmínà ló dá takisí dúró, òun náà ló ní kí ẹnìkan pe Bushrah lórí fóònù. Nínú ọkọ̀, mímí ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà mìíràn yóò dúró, Àgbékẹ́ óò sì mì í títí yóò fi tún mí. Ó ń sọ fún awakọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," ní Yorùbá, ní Twi, ní Haúsá, ohunkóhun tó bá sáà bọ́ sí i lẹ́nu.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ yá. Twi ló fi ń béèrè. Kí ló ṣe é? Ibà. Ṣé ẹ fún un ní nǹkan? Kúlórókúìn. Ṣé bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ fún un lẹ ṣe fún un?

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," Àgbékẹ́ dáhùn. "Ẹ̀kán kan ò lé, ẹ̀kán kan ò dín."

Dókítà mi orí. Ó ní ibà náà ti gun orí ọmọ lọ, oògùn tí wọ́n fún un ò ká a, abẹ́rẹ́ tó lágbára ju ìyẹn lọ ni wọn óò gún un báyìí báyìí. Nọ́ọ̀sì ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ku kí wọ́n mọ ìwọ̀n ọmọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí òṣùwọ̀n wọn, èyí tó funfun báláú, tí kò ní ẹ̀wọ̀n.

"Mẹ́tàlá," nọ́ọ̀sì ní.

Igbe ta lẹ́nu Àgbékẹ́. "Mẹ́tàlá kẹ̀? Irọ́ ni! Méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọmọ mi láàárọ̀! Níbo ni ìyókù rẹ̀ lọ? Ẹ̀yin ènìyàn, ibà ti jẹ ọmọ mi tán o!" Ó di etí tábìlì mú. Ó dá a lójú pé ọmọ náà ń yọ́ lọ níwájú òun, pé bí wọ́n bá tún un wọ̀n, wọn ò ní bá nǹkan kan mọ́.

Nọ́ọ̀sì dì í léjìká. "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Kílò ni. Kílò mẹ́tàlá."

Ẹ wo obìnrin tó ti ń wọ̀n ìṣó láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò fún un pé kílò mẹ́tàlá ni pọ́n-ùn méjìdínlọ́gbọ̀n. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ já sí i lọ́kàn: ìbéèrè Dókítà ìkóríta, èsì tí òun fi fọ́nnu, àwọn ṣíbí tó pọ̀ lójú òun, ọmọ tí òun di imú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti kan itan Suhaib.

"Ẹ má gún un!" Ó fò mọ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ fò dànù. "Ẹ má gún un! Èmi ni! Pọ́n-ùn ni mo sọ! Pọ́n-ùn ni mo sọ, kílò ló gbọ́! Mo ti fún un ju bó ṣe yẹ lọ, oògùn ló ń pa á, kì í ṣe ibà!"

Dókítà béèrè iye ṣíbí. Ó sọ ọ́. Ojú ọ̀dọ́mọbìnrin náà yí padà, ó pe àwọn mìíràn, ọ̀rọ̀ di kíá kíá. Ó sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ti ń fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí imú ọmọ, pé abẹ́rẹ́ yẹn ì bá ti parí ẹ̀. Wọ́n wá ti Àgbékẹ́ síta, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Ilẹ̀ gbalasa ló jókòó sí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbi tí ìṣó ti gún un, Àmínà ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń ṣàdúrà lábẹ́lẹ̀. Àgbékẹ́ ò lè ṣàdúrà. Bó bá ti la ẹnu, ohùn ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́: méjìdínlọ́gbọ̀n gééré, ọmọ ńlá ni o. Ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un ní àgbàlá Sàká. Kí ni yóò wí fún Abdulhameed lórí fóònù? Ọmọ tó gba àárín iyanrìn lọ, tó ní, "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi"? Ó fi orí gbá ògiri. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń tún un wí. "Ọlọ́run, gbà mí dípò rẹ̀. Gbà mí dípò rẹ̀."

Bushrah ló sáré wọlé, bàtà lọ́wọ́. "Màmá, ọmọ mi ńkọ́?"

Àgbékẹ́ ò dìde. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ láti ilẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́, kò di ẹ̀bi ru ọkùnrin tó ń ta oògùn. Bushrah ń gbọ́.

"Màmá, òṣùwọ̀n tí mo rà fún yín ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Nínú ọ̀rá?"

"Nínú ọ̀rá."

Ì bá sàn kó ti bú u. Ì bá sàn kó ti gbá a létí níwájú gbogbo ayé. Bushrah kàn lọ dúró ti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó fi iwájú orí kàn án, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Bó ti dúró síbẹ̀ náà ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò le. "Bí Ọlọ́run bá fi í sílẹ̀ fún mi, Màmá, mò ń mú un lọ sí Tema."

"Mú un lọ," Àgbékẹ́ ní. "Kó ṣáà wà láyé. Mú un lọ."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Dókítà jáde, ara rẹ̀ kún fún omi èédú dúdú tí wọ́n ń dà sí ọmọ nínú kó lè fa oògùn náà. Ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì mọ̀ nípa ojú. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n má pariwo.

Suhaib ti kéré lórí ibùsùn yẹn. Rọ́bà wà nímú rẹ̀, òmíràn wà lápá. Bushrah bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ yí ojú sápá ibi tí ohùn ti wá, ojú náà ń rìn káàkiri, ó ń wá nǹkan, ó sì wá dúró. "Màámi," ló ní. Bushrah bú sẹ́kún, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Àgbékẹ́ dúró ní ìsàlẹ̀ ibùsùn, kò gbójúgbóyà sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ojú ọmọ náà rìn dé. Ó rí i. Ó wò ó dáadáa, ó mọ̀ ọ́n. Ó wá gbé apá méjèèjì sókè, tòun ti rọ́bà.

"Màmá, ẹ wọ̀n mí."

Ọwọ́ Àgbékẹ́ ti jáde kó tó mọ̀. Bushrah gbójú sókè, ó wò ó. Àgbékẹ́ ká ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi í sẹ́yìn.

"Òṣùwọ̀n Màmá ti bàjẹ́, ọkọ mi."

Suhaib ò gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, apá rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ní kí wọ́n lọ tún un ṣe.